Ọpọ́n Tí A Fi Sódà Fọ̀

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Olóríkunkun ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le, àfi orúnkún òsì tó máa ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara tìrẹ náà le, torí ká ní kò le ni, ò bá ti kọ̀wé tipẹ́. Oṣù mẹ́rin lo fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n mú lẹ́tà rẹ dé, mo rò pé o ti lọ́kọ ni, tàbí pé o kán lẹ́sẹ̀. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹni tó ń bá mi kọ èyí ni Wòléwòlé, aládùúgbò wa tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́tótó, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń yẹ èékánná rẹ wò nígbà tí o wà ní kékeré. Obìnrin tó ń bá mi kọ̀wé tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé Wòléwòlé dára ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń wúkọ́ bí mo bá sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún ti wúkọ́ báyìí.

Má pè mí lórí fóònù mọ́. Ohùn rẹ máa ń dà bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga, bí o bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Lẹ́tà ni mo fẹ́, torí mo lè ní kí wọ́n tún un kà fún mi.

Ó dáa. O ní o fẹ́ ṣe ọtí kíkan níbi iṣẹ́ yín, o sì fẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo ní kí Wòléwòlé ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ogójì ọdún ni mo fi pọn ọtí ọkà tó kan nínú ilé yìí. Ìyá rẹ kórìíra rẹ̀ débi pé inú yàrá ló máa ń sá aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, kí òórùn ọtí má baà bá a dé kíláàsì. Ìwọ wá gbéra, o wọ ọkọ̀ òfuurufú, o fi odindi ọjọ́ kan rìnrìn àjò kí o lè lọ bá ohun tó wà lẹ́yìn ilé wa. Bó bá jẹ́ ọtí kíkan ló wù ọ́, ṣé o ò bá kúkú ti jókòó?

Mi ò bínú. Mo kàn ń bi ọ́ ni. Sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ fi ṣe é? Irú ìkòkò wo? Ta ni ọ̀gá yín, ṣé ó mọ ọtí àbí ó kàn ń tà á? Bí o kò bá dáhùn, èmi náà ò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá àgbà rẹ tó ṣì wà láyé.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ìyá àgbà mi,

Ẹ kú ilé o. Orúnkún ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí oṣù mẹ́rin náà. Ìgò fífọ̀ ni wọ́n fi mí sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́ sí yín. Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ilé pé mò ń lọ kọ́ṣẹ́ ọtí.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín. Ọwọ́ bàbá arúgbó kan ni ọ̀gá wa ti ra ilé ìpọntí yìí. Ó kó ẹ̀rọ tuntun sí iwájú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ irin tó ń dán bí dígí. Bíà tó mọ́ gaara ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ńlá kan wà lẹ́yìn, nǹkan àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Ìkòkò bàbà kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó ilé ìdáná wa, ìdí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí èèyàn bá fi àkísà nù ún. Ọpọ́n onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gùn tó èèyàn mẹ́ta tó nà gbọọrọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń da ọtí sí kí wọ́n tó bí ọ̀gá wa.

Ọ̀gá fẹ́ ta gbogbo rẹ̀ fún oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ọkùnrin kan tó máa ń ra irin àtijọ́, tó sì máa ń gé e sí wẹ́wẹ́. Mo lọ bá a. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ má tíì tà á. Ẹ jẹ́ kí n fi ṣe ọtí kíkan. Ilé ọtí méjì ló ń tà á ní òpópónà yìí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì ti ń gbé e wá.”

Ó ní, “Kíkan? Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lé kíkan kúrò nínú ọtí mi, ìwọ fẹ́ pè é wọlé?”

Mo ní, “Ẹ̀yìn ni yóò wà, ọ̀gá, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Rọ́bà tí a ó fi máa fà á lọ́tọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, bàtà tí a ó fi wọ ibẹ̀ lọ́tọ̀.”

Ó fa imú. Onímú ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tó rí i kó mu ọtí rí. Imú ló fi ń dá gbogbo ẹjọ́. Ó ní òun gbà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá yọrí, yàrá ẹ̀yìn di tèmi, èmi ni n ó máa darí rẹ̀. Bí kò bá yọrí, oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù yóò wá, èmi náà yóò sì padà sídìí ìgò.

Mo rántí pé ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọpọ́n yín rí. Báwo lẹ ṣe máa ń tọ́jú rẹ̀? Láti ẹnu ọ̀nà ni ọpọ́n tibí ti ń rùn kíkan. Kí ni kí n ṣe sí i kí n tó da omi ọkà sínú rẹ̀?

Ọmọ yín nídìí ìgò.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Olóríkunkun,

Mo kí ọ, lẹ́tà rẹ dé. Ó dára ju èyí tó ṣáájú lọ, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ìgò fífọ̀. Ohun tó yẹ kó tì ọ́ lójú ni oṣù mẹ́rin.

Mo fẹ́ràn ọ̀gá yín. Ẹni tó bá ń fi imú ṣiṣẹ́, ó mọ nǹkan kan. Ó sì tọ̀nà bó ṣe ń bẹ̀rù. Èmi náà ní ìkòkò méjì, ọ̀kan fún ọtí dídùn, ọ̀kan fún kíkan, igbá tí mo bá fi bu ti ibí kì í dé ọ̀hún. Ìyá rẹ ṣì í lò lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lè sáré.

Ní ti ìkòkò bàbà, síse ni kí o fi ṣe. Má jẹ́ kí ohunkóhun kan nínú rẹ̀. Fi omi ọsàn kíkan àti iyanrìn kúnná ha inú rẹ̀ títí yóò fi pọ́n. Bí o bá rí àwọ̀ ewéko níbi kankan, májèlé nìyẹn, tún un ha. Bàbà wà fún síse, igi ló wà fún kíkan.

Ní ti ọpọ́n onígi tí a mẹ́nu bà, ìmọ́tótó ni ohun àkọ́kọ́. Kí a fi omi híhó àti sódà ìfọṣọ fọ ọpọ́n náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha gbogbo igun inú rẹ̀, títí òórùn kankan kò fi ní ṣẹ́ kù níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì gbáko kí a tó lò ó.

Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, da omi ọkà sí i, bò ó, kí o fi í sílẹ̀. Má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó jókòó ti àkàrà lórí iná. Ìwọ ni mò ń bá wí.

Jẹun dáadáa. Kọ̀wé sí ìyá rẹ pẹ̀lú, ó ní o kì í kọ̀wé sí òun. Mo ní èmi náà ò gbádùn rẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ìyá àgbà,

Ẹ kú ilé. Mo ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é, ó sì bàjẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ha ọpọ́n yẹn. Sódà ti là mí ní gbogbo ìka ọwọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, inú igi náà funfun bí eegun, kò sì rùn mọ́ rárá. Mo da omi ọkà sí i. Ó di ọjọ́ kẹta, kò kan. Ó di ọjọ́ karùn-ún, ó ṣì dùn bí oyin. Lọ́jọ́ kẹjọ ni òórùn kan jáde níbẹ̀, bí ìbọ̀sẹ̀ tó ti wà nínú omi láti ọ̀sẹ̀ kan. Onímú ò tiẹ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní, “Kíkan kọ́ nìyí. Ó jẹrà ni.” Ó ní kí n dà á nù.

Ó ti pe oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ni yóò wá, iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ di ìgbà náà. Mo ní ṣé mo lè tún un gbìyànjú kí ó tó dé. Ọ̀gá kàn gbé èjìká ni, ó ní kí n máa fọ ìgò.

Ìyá àgbà, mi ò rí yín rí kí ẹ fi sódà fọ ọpọ́n yín. Kódà, lẹ́ẹ̀kan péré. Ọdún mẹ́wàá ni mo lò nínú ilé yẹn. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ni? Bí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ fún mi, ẹ ì bá kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Ìkíni di ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yìí.

Wòléwòlé ń ka lẹ́tà rẹ, ó kà á dé ibi sódà. Mo ní, “Dúró. Tún un kà.” Ó tún un kà. Mo ní, “Sódà wo?” Ó wúkọ́.

Mo ní, “Wòléwòlé, mo ní kí o kọ ọ́ pé kí ọmọ náà má fi ọṣẹ kan inú ọpọ́n, kí ó da omi tútù sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ó dà á nù, kí ó mọ síbẹ̀. Kí lo kọ?”

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó ní, “Ìyá, mi ò lè fi ọwọ́ ara mi kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ti ilé ìdáná tó dọ̀tí pa.”

Mo ní, “O ti ti tèmi náà pa nìyẹn.”

Ó ní nítorí ire ni, kí àrùn má baà ṣe àwọn tó máa mu ún.

Mo ní, “Ogójì ọdún ni àwọn èèyàn fi mu tèmi. Ta ni àrùn ṣe nínú wọn?”

Ó ronú. Ó ní òun náà mu ún.

Mo ní, “Ṣé o kú?”

Ó ní rárá.

Òun náà ló ń kọ èyí, mo sì ti ní kó kọ gbogbo rẹ̀ láìfo ìkankan. Télọ̀ obìnrin tó wà nísàlẹ̀ jókòó tì wá, òun ni yóò kà á sí mi létí kí a tó lẹ̀ ẹ́ pa. Wòléwòlé ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mo ti bá a tọrọ rẹ̀. Bó bá wù ọ́, gbà á.

Ó kan ìwọ. O ní mo fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Bí mo bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, ṣé ẹnu mi wú ni, tí n kò fi ní sọ fún ọ pé mi ò sọ? Ta ni mo fẹ́ fi í pamọ́ dè? Ìyá rẹ? Ìwọ náà sì lẹ́jọ́ tìrẹ. O mọ̀ pé o kò rí mi rí kí n fi sódà fọ̀ ọ́. O gbọ́ òórùn kíkan láti ẹnu ọ̀nà, ohun tí ò ń wá gan-an nìyẹn, o wá mú búrọ́ọ̀ṣì, o ha á dànù. O ò sì béèrè kí o tó ṣe é.

Ó tó. Gbọ́ ohun tí o máa ṣe.

Inú igi yẹn ti kú, ó di ọdún mélòó kan kó tó jí. Nítorí náà, ibòmíràn ni a ó ti mú kíkan wá. Ó wà lára èèpo ọkà fúnra rẹ̀, ọkà tí a mú hù tí a sá gbẹ, tí iná kò tíì kàn. Se omi ọkà rẹ nínú bàbà bó ṣe yẹ. Fi rọ́bà fà á sínú ọpọ́n. Dúró kó tutù díẹ̀, kí o ki ìgbọ̀nwọ́ rẹ bọ̀ ọ́. Bó bá bó ọ, ó ṣì gbóná jù. Bó bá dà bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ, o ti pẹ́ jù. Kí ó ta ọ́, kí o sì lè fara dà á: ìgbà yẹn ni kí o ju ọkà tútù náà sí i. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo máa ń jù sí tèmi. Bò ó kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, èyí tó nípọn, torí bó bá tutù lọ́jọ́ kìíní, ìbọ̀sẹ̀ yẹn náà ni yóò tún rùn. Lọ́jọ́ kẹta, ṣí i, gbóòórùn rẹ̀. Bí itọ́ bá sọ sí ọ lẹ́nu, fi ìwúkàrà ọtí sí i, kí o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Má jókòó kí o máa káàánú ara rẹ. Bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé.

Ìyá àgbà rẹ.
(Èmi télọ̀ ti kà á. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló wà níbí.)


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá àgbà mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìbínú, ẹ kú iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn tí a jọ ń fọ ìgò fi béèrè ohun tó ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí nítorí ọ̀rọ̀ pé ẹ fi nǹkan pamọ́. Ẹ bá mi kí Wòléwòlé, ẹ sọ fún un pé mo ti gba àforíjì rẹ̀, èékánná mi sì mọ́.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò bàbà yẹn mọ iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀rọ tuntun iwájú máa ń jó ọkà nídìí bí a bá gbójú kúrò, ṣùgbọ́n ìkòkò àtijọ́ yìí se é jẹ́jẹ́, kò jó kan. Mo fà á sínú ọpọ́n, mo dúró tì í pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ mi lókè bí aṣiwèrè. Nígbà tó ta mí tí mo sì fara dà á, mo ju ẹ̀kúnwọ́ mẹ́wàá sí i, torí ọpọ́n yìí tó tiyín lọ́nà mẹ́wàá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kò tó. Awakọ̀ wa gbé ọ̀kan wá láti ilé rẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù ti jó láàárín, obìnrin tó ń lẹ bébà mọ́ ìgò gbé méjì wá, a so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí bí ẹni ń di ọmọ.

Lọ́jọ́ kẹta mo ṣí i. Itọ́ sọ sí mi lẹ́nu kí n tó tẹ̀ síwájú. Mo fi ìwúkàrà sí i. Onímú tún wá sẹ́nu ọ̀nà lánàá, ó tiẹ̀ wọlé ní ìṣísẹ̀ méjì, ó fa imú, ó lọ.

Ìṣòro mi rèé. Ọjọ́ kẹwàá oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń bọ̀, ọtí yìí kò sì ní tíì tó lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ọjọ́ kejìlá ni. Ọ̀gá ò fẹ́ sún ọjọ́ síwájú. Bí mo bá fà á jáde lọ́jọ́ kẹwàá, adùn ṣì máa wà nídìí rẹ̀. Bí mi ò bá fà á, wọn yóò dà á sílẹ̀, wọn yóò sì gé ìkòkò. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Olóríkunkun,

Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà rẹ dé, nítorí náà lẹ́tà yìí kò ní gùn.

Fà á. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni ọjọ́ tí wọ́n dá. Bu ife kan fún Onímú, kí ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó nímú yóò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn adùn náà. Èmi náà ti fa ọtí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà, nígbà tí oníbàárà bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì mu ún. Má bá àwọn ọkùnrin tó gbé iná dání jiyàn. Lọ́jọ́ kan yẹn ṣoṣo, fi agídí rẹ sílé.

Wòléwòlé ló fẹ́ gbé èyí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ti wọ bàtà.

Ìyá àgbà rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà

Ìyá àgbà mi,

Ẹ kú ilé o. Lẹ́tà yín dé lánàá, lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá tí mo ti nílò rẹ̀. Ẹ ní kí n fà á. Mi ò fà á.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Mo tọ́ ọtí náà wò. Ọjọ́ méjì ló kù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọwọ́ ẹ̀rọ tó wà ní ìdí ọpọ́n, èyí tí a fi ń ṣí i kí ọtí lè jáde, mo fi sápò ṣòkòtò mi. Aago mẹ́sàn-án ni oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin. Ọ̀gá tẹ̀ lé wọn wọlé.

Ó ní, “Ṣí i, kó dà nù.”

Mo ní, “Kò tíì tó, ọ̀gá. Ọ̀tunla ni.”

“Ta ló bi ọ́ bóyá ó tó? Ọwọ́ ẹ̀rọ dà?”

“Ó wà lápò mi.”

“Mú un wá.”

“Ọ̀tunla, ọ̀gá. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi níṣẹ́ lónìí, ẹ lé mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀rọ yìí àti èmi la jọ ń lọ.”

Oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, ọmọ yìí ń ṣe bíi pé ìkòkò ló bí i lọ́mọ! Ṣé kò sí irin mìíràn níbí ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gé àwọn páìpù ẹ̀yìn ọ̀hún. Yóò gbà mí lọ́jọ́ méjì.”

Ọ̀gá wo ojú mi, ó wo àpò mi. Ó ní, “Ọjọ́ méjì. Kò sí ẹ̀kẹta.”

Lọ́jọ́ kejìlá, mo dá ọwọ́ ẹ̀rọ padà sáyè rẹ̀, mo fa ife kan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi koríko gbígbẹ, ó sì mọ́. Ọ̀gá ki imú bọ inú ife náà, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù gbé páìpù èjìká rẹ̀ sílẹ̀ láti wò ó. Ọ̀gá wá gbé ife sẹ́nu lójú gbogbo wa. Ojú rẹ̀ pa dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọlé. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀ ife, ó nà án sí mi. Ó ní, “Òmíràn.” Lẹ́yìn náà ló yíjú sí oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ó ní kó kó páìpù rẹ̀ kó máa lọ. Ìyẹn ní òun ò lọ síbì kan títí wọn yóò fi bu tòun náà.

Yàrá ẹ̀yìn ti di tèmi, Ìyá àgbà. Ìkòkò bàbà, ọpọ́n, rọ́bà, bùláńkẹ́ẹ̀tì awakọ̀, gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń fọ ìgò. Kò sí ẹni tó ń fi bàtà iwájú wọlé tọ̀ mí wá. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá fẹ́ fi tirẹ̀ wọlé, mo ní kó padà lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ó padà lọ.

Ṣé kí n fi ìgò méjì ránṣẹ́ sí yín?

Ọmọ yín tó ń pọn ọtí.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Wòléwòlé ka lẹ́tà rẹ, télọ̀ tún un kà, mo sì ní kí Wòléwòlé kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dìde dúró nígbà tó dé ibi tí ọ̀gá yín ti ń pààrọ̀ bàtà. Ó ní òun ì bá ti gba irú rẹ sẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́tótó.

Mo ní kí o fà á. Ọ̀rọ̀ mi kò tọ̀nà. Ká ní o fún ọkùnrin yẹn ní ife kan lọ́jọ́ kẹwàá, adùn ni imú rẹ̀ ì bá gbọ́, ì bá ní o tún ti bà á jẹ́, wọn ì bá sì ti gé ìkòkò. Mi ò rí ọpọ́n rẹ, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Orí àga mi níbí ni mo ti ń pàṣẹ bí ẹni tó dúró tì í. Lórí ọpọ́n yẹn, má tún béèrè ohun tí o máa ṣe lọ́wọ́ mi mọ́. Tìrẹ ni.

Má fi ìgò ránṣẹ́. Yóò bẹ́ lójú ọ̀nà, yóò sì ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́ nínú àpò wọn. Orúnkún ṣì wà bó ṣe wà. Ìyá rẹ ti gbọ́. Ó ní ṣé òórùn yẹn náà ni. Mo ní òun náà ni. Ó wá ní kí n kí ọ.

Ó wá ku ohun kan. Nínú lẹ́tà rẹ kan, o kọ ọ́ pé ọjọ́ kejìlá ni yóò tó, nínú èkejì o ní ọjọ́ méjì ló kù, ó sì jẹ́ ọjọ́ méjì lóòótọ́. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́rin. Etí ni èmi máa ń fi gbọ́ tèmi. Mo máa ń gbé etí lé ara igi, bó bá ṣì ń hó, kò tíì tó, bó bá dákẹ́, ó tó. Ṣùgbọ́n etí mi kò sọ ọjọ́ fún mi rí. Ìdí tí mo fi máa ń fà á ṣáájú nìyẹn, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀la ni yóò dákẹ́ tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn èèyàn sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìwọ fi mọ̀ ọ́n? Ṣé ahọ́n ni, àbí wọ́n ní ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n? Kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má fo nǹkan kan nítorí pé mo ti darúgbó. Mi ò ní ọpọ́n mọ́, mi ò sì ní pọn ọtí mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni.

Ìyá ìyá rẹ.